Ọkọ̀ Apanilẹ́rìn-ín Kọ́: Bí Mo Ṣe Tún Ìtumọ̀ Mi Ṣe Nídìí Ọkọ̀ Àwòṣe

Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ "ọkọ̀ apanilẹ́rìn-ín" sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìtumọ̀ "funny car", inú mi dùn sí i. Ó tẹ̀lé òfin ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ tí wọ́n ti kọ́ wa láti ọdún kìíní: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- wọlé síwájú "pa ẹni ní ẹ̀rín", ó sì di orúkọ. Kò sí ibi tí olùkọ́ lè fi bírò pupa fà lábẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, àṣìṣe ni. N kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ títí mo fi mú ayùn kékeré, tí mo gé ìdí ọkọ̀ kan tí kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ púpọ̀.

Ọkọ̀ àwòṣe ni mo ń sọ, kì í ṣe ọkọ̀ ìṣeré ọmọdé. Inú pálí ló máa ń wà ní wẹ́wẹ́, gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ṣì so mọ́ férémù ike bí èso mọ́ ẹ̀ka. Ẹni tó rà á ni yóò gé wọn, tí yóò dán wọn, tí yóò lẹ̀ wọ́n pọ̀, tí yóò sì kùn wọ́n lọ́dà. Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ fún àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà ni 1/25, ìyẹn ni pé ohun tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 25 lára ọkọ̀ gidi yóò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan lọ́wọ́ rẹ. Àbúrò bàbá mi tó ń gbé ní Houston kó mẹ́ta wálé ní Kérésì: Willys 1941, Plymouth 1965, àti ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn kan tí wọ́n ń pè ní "slingshot". Gbogbo wọn jẹ́ irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe "drag racing" láyé àtijọ́. Orí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ nínú èdè Yorùbá ni iṣẹ́ àpilẹ̀kọ ìparí ẹ̀kọ́ mi dá lé, mo wá rò ó pé kí n túmọ̀ àwọn ìwé ìlànà inú pálí yìí fún Bàbá àgbà. Mẹkáníìkì ni Bàbá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ojú wọn ṣì ń ríran dáadáa, ọwọ́ ló ń gbọ̀n. Àdéhùn wa ni pé èmi yóò máa kà, èmi yóò máa lẹ̀, àwọn yóò máa sọ ibi tí mo bá ti ṣìṣe.

Eré náà fúnra rẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ọkọ̀ méjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lójú ọ̀nà tó gún gbọọrọ, iná fún wọn láṣẹ, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé òpin ló borí. Ìdá kan nínú mẹ́rin máìlì ni ọ̀nà náà, nǹkan bíi mítà 402. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọ̀dọ́ California ń sá a lójú títì àti ní pápá ọkọ̀ òfurufú tí wọn kò lò mọ́. Ní 1951, Wally Parks dá ẹgbẹ́ NHRA sílẹ̀ kí eré náà lè ní òfin, wọ́n sì ṣe ìdíje àpapọ̀ wọn àkọ́kọ́ ní Great Bend, Kansas, ní 1955. Ní ìwọ̀n 1/25, gbogbo ọ̀nà yẹn kò ju mítà 16 lọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀ka wa gbà á. Kò sí kọ́nà, kò sí ibi tí wọ́n ti ń yà. Ìgbà tí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kúrò lójú kan ni ọ̀pọ̀ ọgbọ́n wà: ṣé táyà ẹ̀yìn yóò di ilẹ̀ mú ni, àbí yóò kàn máa yí lójú kan, tí yóò máa rú èéfín? Ohunkóhun tó bá lè gbé ìwúwo ọkọ̀ lọ sórí táyà ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń ṣe. Ẹ fi èyí sọ́kàn, òun ló bí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí.

(Ẹ tún wo bí a ṣe ń pe ọkọ̀ kékeré ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, èyí tó ń yọ́ lọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Bóyá ni orúkọ kan wà tó tún jìnnà sí ohun tí mo ń sọ yìí.)

Willys la fi bẹ̀rẹ̀. "Gasser" ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Èmi rí "gas", mo kọ "ọkọ̀ onígáàsì". Bàbá bi mí pé, "Sìlíńdà rẹ̀ dà?" Mo padà sídìí ìwé. "Gas" tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń sọ níbí, bẹntiróòlù ni. Wọ́n gé "gasoline" kúrú ni. Àwọn ọkọ̀ mìíràn lórí pápá ń jó nitromethane, ṣùgbọ́n bẹntiróòlù ni kíláàsì tiwọn gbà láyè. Mo bá yí i padà sí "ọkọ̀ elépo". Oní- pàdé epo, n di l, fáwẹ̀lì ran ara wọn, ó di elépo. Fonọ́lọ́jì rẹ̀ pé pérépéré. Bàbá rẹ́rìn-ín títí: lójú tiwọn, ọkọ̀ elépo ni tańkà tó ń já epo ní ilé epo. Ìyá mi tó ń gbọ́ wa láti ilé ìdáná ní epo pupa lòun rò. Mo fi í sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ àyálò, "gásà", ó sì dùn mí díẹ̀.

Bí ẹ bá to gásà, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ rí ni pé imú rẹ̀ ga sókè bí ẹni tó fẹ́ fò. Ìdí rẹ̀ kì í ṣe fáàrí. Bí imú bá ga, ìwúwo á rọrùn láti ṣubú sẹ́yìn nígbà tí awakọ̀ bá tẹ ná. Ọ̀kan nínú àwọn Willys tó lókìkí jù lọ ní 1960 sókè ni ti Stone, Woods àti Cook. Adúláwọ̀ ni Fred Stone àti Tim Woods, òyìnbó ni Doug Cook tó ń wà á, nígbà tí ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀yà ṣì wà lábẹ́ òfin ní gúúsù Amẹ́ríkà. Orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n kọ sára ọkọ̀ náà.

Ìmọ̀ràn kan fún ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú: ẹ fi ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan wo ara wọn láìfi gúlù sí i ná. Gúlù ọ̀hún ń yọ́ ike ni, bó bá ti gbá a mú, kò sí àtúnṣe. Wáyà ináṣẹ́ mẹ́jọ tó lọ sórí púlọ́ọ̀gì, mo rí i nínú earpiece tó ti bàjẹ́.

Orí ẹńjìnnì Willys yìí ni ohun kan ti yọ orí jáde bí àpótí. "Blower" ni ìwé pè é. Bàbá ní, "Ṣé tọ́bò nìyí?" Mo ní rárá, èéfín ló ń yí tọ́bò, ṣùgbọ́n bẹ́lítì láti iwájú ẹńjìnnì ló ń yí èyí, ó sì ń fi ipá fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹńjìnnì kí iná ibẹ̀ lè le sí i. Èyí tó gbajúmọ̀ jù, 6-71, ara ẹńjìnnì dísù General Motors ni wọ́n ti ń tú u: sìlíńdà 6, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìǹṣì onígun 71. Mo ti kọ "afátẹ́gùn" sílẹ̀. Bàbá wo ìwé mi, wọ́n ní, "Ohun tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí iná kó lè le, kí lẹ ń pè é ní ilé ẹ̀kọ́ yín? Ẹwìrì kọ́?" Ojú tì mí. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ẹwìrì ti wà ní ilé alágbẹ̀dẹ, èmi ń to àfòmọ́ pọ̀.

Ó wá kan Plymouth. Ọkọ̀ ojú títì lásán ni èyí tó wà nínú pálí, mo sì fẹ́ sọ ọ́ di irú èyí tí Chrysler ṣe fún eré ní 1965. Wọ́n sún táyà ẹ̀yìn síwájú ní ìǹṣì 15, wọ́n sún ti iwájú náà síwájú ní ìǹṣì 10, kí ìwúwo ọkọ̀ lè bọ́ sẹ́yìn. Ní ìwọ̀n tèmi, sẹ̀ǹtímítà kan àti ààbọ̀ ni ti ẹ̀yìn, sẹ̀ǹtímítà kan ni ti iwájú. Mo rò pé kò ní hàn. Mo gé e, mo dí ojú ibi tí mo gé, mo gbé e sórí tábìlì. Ó hàn. Ìdí ọkọ̀ gùn jáde lẹ́yìn táyà, táyà iwájú fẹ́rẹ̀ẹ́ kan bọ́ńpà. Kò sí ohun tó kù tí n kò ṣe, síbẹ̀ ó dà bíi pé mo ṣì í tò.

Bàbá wọlé, wọ́n dúró, wọ́n tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ọkọ̀ yìí mà rí bákan."

Bí orúkọ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Àwọn tó rí ọkọ̀ wọ̀nyí ní 1965 kò rẹ́rìn-ín. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ó rí bákan. Ìtumọ̀ méjì ni "funny" ní, ti ẹ̀rín ni ìwé atúmọ̀ èdè kọ́kọ́ fi lé mi lọ́wọ́, mo sì gbà á láìwo ọkọ̀. Mo pa "apanilẹ́rìn-ín" rẹ́, mo kọ "ọkọ̀ aríbákan". Àfòmọ́ a- náà ló ṣì wà níbẹ̀, kò yí padà. Ohun tí mo fi í mọ́ ló yí padà. Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù o: ní 1966, àwọn Mercury Comet bíi ti Don Nicholson jáde, tí gbogbo ara wọn jẹ́ fáíbà, tó sì ń ṣí sókè lẹ́ẹ̀kan náà bí ìdérí àpótí. Irú ìyẹn ni "funny car" wá di títí dòní, táyà kò rí bákan mọ́, orúkọ kò kúrò. Ẹni tó bá ní aríbákan kò bá tòde òní mu, kó kọ́kọ́ bi elédè Gẹ̀ẹ́sì.

("Christmas tree", ìyẹn ọ̀pá iná tó ń fún awakọ̀ láṣẹ láti 1963, kò yọ mí lẹ́nu. Igi Kérésì. Bàbá gbà á lójú ẹsẹ̀.)

"Slingshot" ni mo fọkàn tán jù. Ẹ̀yìn táyà ẹ̀yìn pátápátá ni awakọ̀ ń jókòó sí, bí òkúta nínú awọ kànnàkànnà. Nítorí náà, ọkọ̀ kànnàkànnà. N kò rò pé ẹnikẹ́ni lè rí àléébù nínú rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo fẹ́ lẹ àga awakọ̀, Bàbá gba férémù náà lọ́wọ́ mi, wọ́n sún un mọ́ iná. Ẹńjìnnì wà níwájú, gíábọ́ọ̀sì tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni ákísù, lẹ́yìn ákísù ni àga. Wọ́n fi èékánná tọ ibi tí ẹsẹ̀ yóò gbà. Orí ákísù ló gbà kọjá, ẹ̀gbẹ́ gíábọ́ọ̀sì ló sì parí sí.

"Bí gíábọ́ọ̀sì yìí bá fọ́ ńkọ́?"

N kò tíì sọ ìtàn Don Garlits fún wọn rí. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹta 1970, ní pápá Lions ní California, gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ fọ́ bó ṣe ń gbéra, ó gé ọkọ̀ sí méjì, ó sì gé apá kan ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ọkọ̀ tí ẹńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn awakọ̀; ní 1971, ó fi í borí ní Pomona. Kò pẹ́ tí gbogbo àwọn tó ń sáré jù fi tẹ̀lé e, kànnàkànnà sì kúrò lójú pápá.

Bàbá dá férémù náà padà fún mi. Wọ́n ní, "Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ló dúró sí."

Mo ṣì fi "ọkọ̀ kànnàkànnà" sílẹ̀ nínú iṣẹ́ mi, nítorí ohun tí wọ́n ń pè é náà nìyẹn, ṣùgbọ́n mo kọ ibi tí ẹsẹ̀ awakọ̀ wà sínú àlàyé rẹ̀, ṣáájú òkúta àti awọ. Ọgbọ̀n ọ̀rọ̀ ni alábòójútó mi ń retí kí oṣù yìí tó parí. Mẹ́rìnlá ni mo ti gé, tí mo ti lẹ̀. Àwọn yòókù ṣì wà lára férémù.