Bí A Ti Ń Wá Ipasẹ̀ Baba Ńlá: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ìgbésí Ayé Bíṣọ́ọ̀bù Crowther

Nínú orí kejì Ìwé Ẹ́sírà, a kà nípa àwọn ọmọ àlùfáà kan tí wọ́n ti ìgbèkùn Bábílónì bọ̀. Wọ́n wá orúkọ wọn nínú ìwé ìran, wọn kò rí i. Nítorí náà a yọ wọ́n kúrò nínú iṣẹ́ àlùfáà. Àwa Yorùbá náà ti rí ìgbèkùn, ọ̀pọ̀ ìdílé sì wà tí kò mọ ibi tí baba ńlá wọn ti ṣẹ̀ wá. Àwa yóò fi Samuel Àjàyí Crowther, aṣáájú àwọn olùtumọ̀ Bíbélì wa, ṣe àpẹẹrẹ bí a ti lè wá ipasẹ̀ wọn.

1. Orúkọ àti ìtàn ẹnu

Kò sí ẹni tí ó kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sílẹ̀ ní Òṣogùn. Ìdí nìyí tí ìwé kan fi sọ pé 1807 ni a bí i, tí òmíràn sì sọ pé 1809. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Àmútọ̀runwá ni Àjàyí, orúkọ ọmọ tí ó dojú bolẹ̀ nígbà tí a bí i. Ìtàn ìdílé sì sọ pé ìran Aláàfin Abíọ́dún ni Afala, ìyá rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Kí a béèrè oríkì, orílẹ̀, ilà ojú àti èèwọ̀. Kí a kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti sọ ọ́, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́.

2. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì, 1837, Crowther kọ lẹ́tà sí akọ̀wé Ẹgbẹ́ C.M.S. Ó ròyìn bí ogun ti kó ìlú wọn, bí a ti fi òun pààrọ̀ ẹṣin, àti bí a ti tà á títí ó fi dé Èkó. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin, 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ àwọn ará Pọ́túgà tí ó gbé e. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ó gúnlẹ̀ sí Sàró. Ẹ kíyè sí i pé ó dárúkọ ọjọ́ tí ó gúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ní ti ìgbà tí ogun dé, ó jẹ́ kí a mọ̀ pé òun fojú díwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821 ni. Ẹlẹ́rìí tòótọ́ a máa ya ohun tí ó mọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó rò.

3. Ìwé ìjọba àti ìwé ìjọ

Ní Freetown, àwọn akọ̀wé ìjọba a máa kọ orúkọ àwọn tí a gbà sílẹ̀, ọjọ́ orí wọn, gíga wọn àti àmì ara wọn. Bí etí wọn ti gbọ́ ni wọ́n kọ, nítorí èdè wa kò tíì ní ìlànà àkọtọ́. “Eyo” ni wọ́n ń kọ fún Ọ̀yọ́. “Aku” ni wọ́n ń pe àwọn Yorùbá ní Sàró. Nínú lẹ́tà Crowther pàápàá, “Ocho-gu” ni Òṣogùn. Bí ẹ bá rí irú orúkọ bẹ́ẹ̀, ẹ pè é sókè. Etí lè mọ ohun tí ojú kò dá mọ̀.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá, 1825, a sàmì fún un, a sì sọ ọ́ ní Samuel Crowther, orúkọ àlùfáà kan ní London. Ẹni tí ó bá ń wá Crowther ṣáájú ọjọ́ náà yóò wá a tì. Bẹ́ẹ̀ sì ni, jíjẹ́ orúkọ kan náà kò sọ ènìyàn di ẹbí, nítorí ọ̀pọ̀ ará Sàró ni ó gba orúkọ òyìnbó.

4. Ibi tí ẹ̀rí ti pàdé

Crowther kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ, 1846, òun rí ìyá òun ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì, 1848, a sàmì fún ìyá náà, a sì pè é ní Hánà, nítorí òun ni ìyá Sámúẹ́lì. Ẹni tí ó bá rí “Hánà” nìkan nínú ìwé ìsàmì kò lè mọ̀ pé Afala ará Òṣogùn ni. Ìwé ọmọ rẹ̀ ni ó so orúkọ méjèèjì pọ̀. Ẹ̀rí kan ṣoṣo kò tó. Ẹ jẹ́ kí ìwé kan jẹ́rìí sí èkejì.

5. Iṣẹ́ tí ó kù fún wa

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, a tú itẹ́ òkú Ajẹ́lẹ̀ ní Èkó ká, ibi tí a kọ́kọ́ sin Crowther sí; òkúta ibojì tí a bá sì fọ́ kì í jẹ́rìí mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ikán kì í bọ̀wọ̀ fún ìwé ìsàmì. A rọ ẹ̀yin àlùfáà kí ẹ mú kí a da ìwé ìsàmì, ti ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú àtijọ́ kọ, kí a sì pa ẹ̀dà wọn mọ́ sí ibòmíràn. A rọ ẹ̀yin olórí ìdílé kí ẹ wo ojú ewé iwájú Bíbélì àwọn baba yín, níbi tí wọ́n ti máa ń kọ ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ikú sí. Ibi tí ẹ kò bá sì rí ẹ̀rí, ẹ fi àyè sílẹ̀. Ẹ má ṣe fi àròsọ dí i.

Fún àṣàrò:
(a) Ta ni ẹni tí ó dàgbà jù lọ nínú ìdílé yín, kí ni ẹ sì ti kọ sílẹ̀ láti ẹnu rẹ̀?
(b) Níbo ni ìwé ìsàmì tí ó pẹ́ jù lọ nínú ìjọ yín wà?