Díẹ̀ Díẹ̀ Nimú Ẹlẹ́dẹ̀ Ń Wọgbà

Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọ̀gá tó bá fẹ́ mú Kanban wọ àárín àwọn ẹnjiníà rẹ̀, kó fi òwe yìí sọ́kàn. Mo mọ ikọ̀ kan tí ọ̀gá wọn dé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, tó ní láti òní lọ, ipò ti yí padà, ìpàdé ti yí padà, ohun gbogbo ti di tuntun. Kò pé oṣù méjì tí kálukú fi padà sídìí ohun tó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti gbọ́ "àtúnṣe", ojú wọn a le.

Èdè Jàpáànù ni Kanban, pátákó tàbí àmì ló sì túmọ̀ sí. Ní Toyota ni Taiichi Ohno ti sọ ọ́ di ọ̀nà ìṣiṣẹ́: káàdì ni ẹni tó wà níwájú fi ń sọ fún ẹni ẹ̀yìn pé ohun èlò ti ń tán lọ́wọ́ òun. Bí káàdì kò bá dé, ẹni ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ ṣe kún un. Ní 2004, David Anderson, onímọ̀ nípa ìṣàkóso iṣẹ́ kóòdù, bá Dragos Dumitriu, máníjà ikọ̀ kan ní Microsoft, gbé irú èrò yìí yẹ̀ wò. Hyderabad ní Íńdíà làwọn òṣìṣẹ́ náà wà, iṣẹ́ kan sì ń gbà wọ́n tó oṣù márùn-ún. Wọn ò kọ́ ẹnikẹ́ni ní kóòdù tuntun. Wọ́n rí i pé ìṣirò iye ọjọ́ tí iṣẹ́ tí kò tí ì bẹ̀rẹ̀ máa gbà ló ń jẹ wọ́n lákòókò. Wọ́n dá a dúró, wọ́n sì fi òdiwọ̀n sí iye iṣẹ́ tó lè wà nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó yá, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni iṣẹ́ ń gbà.

Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù wà nípò rẹ̀. Ẹ kàn ya ọ̀nà tí iṣẹ́ ń gbà sórí pátákó, bó ṣe ń rìn gan-an, kì í ṣe bí ìwé òfin ṣe wí. Káàdì kan, iṣẹ́ kan.

Nínú ikọ̀ kan tí mo bá ṣiṣẹ́, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni káàdì méje ti gun ara wọn lórí níwájú obìnrin kan ṣoṣo tó ń dán iṣẹ́ wò, débi pé a ò rí ohun tí wọ́n kọ sára àwọn tó wà nísàlẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò bá ẹnikẹ́ni wí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ kóòdù ló fa àga rẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ: "Àǹtí, èwo ni kí n bá yín dán wò?" Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Òdiwọ̀n ló máa ń dunni jù. Ẹnjiníà kò fẹ́ kí ọwọ́ òun dilẹ̀. Á fẹ́ mú iṣẹ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Onímọ̀ kan, John Little, ti fi ìdí ìṣirò ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀ ní 1961: bí iṣẹ́ 12 bá wà nílẹ̀, tí 3 ń parí lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 4 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan máa gbà. Ẹ sọ 12 di 6, bí 3 bá ṣì ń parí, ó di ọ̀sẹ̀ 2. Ẹni tó bá ti há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lórí afárá Third Mainland ní Èkó mọ̀ pé títi ọkọ̀ mìíràn kún un kò lè mú kẹ́nì kankan tètè délé.

Síbẹ̀, ẹ má fi 6 bẹ̀rẹ̀. Bí 12 ló wà nílẹ̀ lónìí, 12 ni kí ẹ kọ sókè pátákó. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ bi wọ́n bóyá 11 á ṣeé ṣe. Ẹ fún wọn ní aṣọ ìnupátákó, kí wọ́n fọwọ́ ara wọn nu 12 kúrò.