Àgbà Tó Jẹ Àjẹìwẹ̀yìn

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru ẹrù rẹ̀ délé. N kò sì mọ ọ̀rọ̀ tí òwe yìí bá mu tó ọ̀rọ̀ owó èrè tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń pín fún àwọn tó ra ìpín lọ́dọ̀ wọn, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní dífídẹ́ńdì. Láti ìgbà tí òfin ọdún 1972 ti mú kí àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó máa ta ìpín fún ọmọ Nàìjíríà ni olùkọ́, akọ̀wé ìjọba àti àwọn ìyá oníṣòwò ti ń fi owó tí wọ́n fi òógùn ojú kó jọ ra ìpín, tí wọ́n sì ń bi ara wọn léèrè pé: bí owó èrè bá dé, ṣé kí a ná an ni, àbí kí a dá a padà sínú òwò?

Ní tèmi, ẹni tí apá rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, tí owó oṣù tàbí èrè ọjà ṣì ń bọ́ ọ, kí ó dá a padà, bí àgbẹ̀ ṣe ń yọ ẹ̀bù sọ́tọ̀ kí ó tó gún iyán. Ká ní ẹnì kan ní ìpín 1,000, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ ní náírà 20, tí ilé iṣẹ́ náà sì pín náírà 2 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Náírà 2,000 nìyẹn, ṣùgbọ́n wọn yóò ti yọ kọ́bọ̀ 10 lórí náírà kọ̀ọ̀kan fún owó orí kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀, yóò wá ku náírà 1,800. Bí ó bá fi gbogbo rẹ̀ ra ìpín, tí a kò bá ka owó iṣẹ́ alágbàtà, ìpín 90 ni yóò rí rà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìpín 1,090 ni yóò máa pa èrè wá fún un. Bí iye owó àti èrè bá dúró bẹ́ẹ̀ láìyẹ̀, lẹ́yìn ọdún 10 ìpín rẹ̀ yóò ti lé ní 2,300, láìjẹ́ pé ó tún yọ kọ́bọ̀ kan lápò. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹni tó ń ná tirẹ̀ ti gba náírà 18,000 láàárín ìgbà yẹn, aṣọ ẹbí bíi mélòó kan sì ti lè gbé e lọ.

Ṣùgbọ́n kí a dá owó padà sínú òwò kò ní kí a dá a padà sínú ilé iṣẹ́ kan náà títí ayé. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní oṣù kẹta ọdún 2008, òṣùwọ̀n gbogbo ìpín ní ọjà ìdókòwò Èkó lé ní 66,000. Nígbà tí yóò fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 20,000, àwọn tó sì ti kó gbogbo èrè wọn lé ìpín ilé ìfowópamọ́ nìkan ṣoṣo mọ ohun tí ojú wọn rí. Nítorí náà, kí ẹni tó fẹ́ dá owó padà kọ́kọ́ wo ìwé ìṣirò ọdọọdún ilé iṣẹ́ náà, kí ó mọ̀ bóyá inú èrè ni wọ́n ti ń pín owó fún un, àbí ńṣe ni wọ́n ń yá owó pín.

Ní ti àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì, tí owó ìfẹ̀yìntì kò sì tètè dé, ó máa ń dùn mí bí mo bá gbọ́ tí àwọn ọmọ ń sọ fún un pé kí ó má fọwọ́ kan èrè rẹ̀. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ìpín tí ó fi ìgbà èwe rẹ̀ tọ́ ni yóò ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún un, kí ó sì jẹ ẹ́ láìtijú.

Èyí tí kò ní àwíjàre rárá ni owó tí a kò jẹ, tí a kò sì dá padà. Ẹ lọ tú àpótí àwọn òbí wa wò: lábẹ́ aṣọ òkè ni ẹ ó ti bá àpòòwé wáràǹtì, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ń san dífídẹ́ńdì, tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí orúkọ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kò bá ti àkáǹtì mu mọ́ nítorí pé ìyá tó ni ín ti lọ́kọ lẹ́yìn tó ra ìpín. Òfin ìnáwó ọdún 2020 sì ti sọ pé bí ọdún mẹ́fà bá kọjá tí ẹnìkan kò gba owó èrè ilé iṣẹ́ tó wà ní ọjà ìdókòwò, kí wọ́n kó o sínú àpò àkànṣe kan lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀. Olówó ṣì lè béèrè fún un, ṣùgbọ́n àtigbà á lè di wàhálà. Kí ẹni tí ọ̀ràn kàn gba fọ́ọ̀mù dífídẹ́ńdì orí ẹ̀rọ, kí báǹkì rẹ̀ fọwọ́ sí i, kí ó sì kó o lọ fún rẹ́jísírà, ìyẹn àwọn tó ń tọ́jú ìwé orúkọ àwọn onípìn-ín fún ilé iṣẹ́ náà, kí owó lè máa wọ àkáǹtì rẹ̀ tààrà. Lẹ́yìn náà, kí ó kọ orúkọ ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ti rẹ́jísírà wọn, àti nọ́ńbà àkáǹtì ìpín rẹ̀ sínú ìwé kan, kí ó sì fi ibi tó fi ìwé náà sí han ọmọ tó bá fọkàn tán.