Olùkọ́ Tí A Gbà fún Iṣẹ́ Ìyọ̀ǹda ní Ilẹ̀ Òkèèrè

Àròkọ aṣàlàyé ni ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ kà á tán ní ẹ̀ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà kí ẹ tún un kà, kí ẹ sì dáhùn àwọn ìbéèrè tí ó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Kò sí ọmọ Èjìgbò tí àjò jẹ́ ohun àjèjì sí. Kí ọmọdé tó mọ ọ̀nà Ẹdẹ tàbí ti Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó ti ń gbọ́ orúkọ Àbíjàn lẹ́nu ìyá rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn baba àti ìyá wa ti ń lọ ṣòwò ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire. Ọkọ̀ a máa gbéra ní Èjìgbò, a gba Kùtọnu, Lomé àti Accra kọjá, kí ó tó gúnlẹ̀ sí Àbíjàn. Kì í ṣe ohun ìyanu ní ọjà wa pé kí ènìyàn méjì máa fi èdè Faransé ná ọjà. Ọ̀pọ̀ ilé tí ó lẹ́wà ní ìlú ni ó jẹ́ pé owó àjò ni a fi kọ́ ọ. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé òun ń lọ sí òkèèrè, ìbéèrè kan ni àwọn ará ilé máa ń bi í: "Kí ni ìwọ yóò mú bọ̀?"

Ṣùgbọ́n irú àjò mìíràn wà tí ìbéèrè tirẹ̀ yàtọ̀: "Kí ni ìwọ yóò fi sílẹ̀ níbẹ̀?" Àjò ẹni tí ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ni èyí.

Ní ọdún 1987 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí à ń pè ní Technical Aid Corps. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akínyẹmí, tí a bí ní Iléṣà, ni mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nígbà náà, òun ni ó sì gbé ìmọ̀ràn náà kalẹ̀. Títí di ìgbà náà, bí ìyà bá ń jẹ orílẹ̀-èdè aláwọ̀ dúdú kan, owó ni Nàìjíríà sábà máa ń fi ránṣẹ́. Owó a máa tán. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kọ́ ní ìṣirò ti gba ohun tí olè kò lè jí. Nítorí èyí ni a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí fi ènìyàn ránṣẹ́: olùkọ́, oníṣègùn, nọ́ọ̀sì àti ẹnjiníà. Àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, ti Kàríbíánì àti ti òkun Pàsífíìkì ni wọ́n ń lọ. Gáḿbíà, Jàmáíkà àti Fiji wà lára wọn. Ọdún méjì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lò. Ìjọba Nàìjíríà ní ń fún un ní owó ìgbọ́bùkátà, orílẹ̀-èdè tí ó gbà á ní ń pèsè ilé. Owó náà kò tó èyí tí a fi ń kọ́ ilé alárà.

Ẹ jẹ́ kí a fi olùkọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ìṣirò ni ó ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní agbègbè Èjìgbò. Ó kọ̀wé béèrè, ó kó ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ lọ, wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, dókítà sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọjọ́ kan, ìwé dé pé a gbà á, àti pé Gáḿbíà ni yóò lọ. Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń ká ìwé náà pọ̀, ó rí i pé ẹrù méjì wà nínú rẹ̀.

Ẹrù kìn-ín-ní ni ti àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ bi í léèrè pé, "Ta ni yóò kọ́ àwọn wọ̀nyí?" Ìbéèrè yìí kì í ṣe èyí tí a ń fi ẹ̀rín dáhùn. Àwọn baba wa ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ó yẹ nígbà náà kí olùkọ́ náà bẹ̀bẹ̀ pé kí a jẹ́ kí òun parí ọdún ẹ̀kọ́ náà, kí ó sì bá ọ̀gá rẹ̀ wá ẹni tí yóò rọ́pò òun. Bí ó bá kọ ẹ̀yìn sí ọmọ ilé ní àárín ìdánwò, kí ó tó lè kọ́ ọmọ òkèèrè, ìyọ̀ǹda rẹ̀ di ìsáǹsá.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ gbàgbé pé gbèsè wà lọ́rùn wa. Ní ọdún 1961 ni Ààrẹ Kennedy ti Amẹ́ríkà dá ẹgbẹ́ Peace Corps sílẹ̀, kí ọdún náà sì tó parí, àwọn kan nínú wọn ti dé Ìbàdàn. Wọ́n kọ́ni ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ girama wa nígbà tí olùkọ́ ṣọ̀wọ́n. Ohun tí a gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni à ń fún ẹlòmíràn lónìí.

Ẹ̀kọ́ mìíràn wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn àlejò wọ̀nyí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1961 yìí kan náà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan nínú wọn kọ káàdì sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, irú èyí tí a ń fi ránṣẹ́ láìsí àpòòwé. Ó kọ nípa òṣì àti ìgbé ayé tí ó rí ní ìgboro Ìbàdàn, bí ẹni pé kò sí ọ̀làjú níbẹ̀. Káàdì náà bọ́ sí ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì. Ariwo ta, wọ́n fi ẹ̀hónú hàn, ọ̀dọ́mọbìnrin náà sì padà sí ìlú rẹ̀. Kì í ṣe pé ó wá láti bú wa. Ó wo ilé láti òde, ó sì rò pé òun ti rí yàrá. Ẹyin ni ohùn; bí ó bá bọ́, kò ṣeé kó mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó kù fara dà á, wọ́n ṣiṣẹ́ wọn, a sì gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Kí olùkọ́ wa fi èyí sọ́kàn bí ó bá dé Gáḿbíà, tí ó sì fẹ́ kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ sílé.

Ní ti iṣẹ́ gan-an, olùkọ́ Èjìgbò kì í ṣe òpè. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, àti nígbà rúkèrúdò ìdìbò ọdún 2010 sí 2011, ọ̀pọ̀ ìdílé kó padà wálé. Ọmọ tí ó mọ ìṣirò dáadáa ní èdè Faransé a máa jókòó bí odi ní kíláàsì wa. Olùkọ́ tí ó ní sùúrù a kó òkúta wẹ́wẹ́ jọ, a fi ọwọ́ kà á, títí ojú ọmọ náà yóò fi là. Irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ni yóò lè kọ́ ọmọ Gáḿbíà tí ó ń sọ Mandinka tàbí Wolof nílé.

Ẹrù kejì ni ti ìyá rẹ̀. Ìyá náà ti gbé Àbíjàn rí. Nígbà tí ọmọ náà ka ìwé náà fún un, ó bi í léèrè bí gbogbo ìyá Èjìgbò ti ń béèrè: "Kí ni o ó mú bọ̀?"

Ọmọ náà dáhùn pé, "Ìyá mi, kò dá mi lójú pé n ó mú nǹkan kan bọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú."

Ìyá náà dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó sọ pé, "Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Àbíjàn, n kò lè ka owó ní èdè wọn. Obìnrin kan tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ni ó kọ́ mi, ní alaalẹ́, títí mo fi mọ̀ ọ́n. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. N kò rí i san án fún un kí ó tó kú. Lọ, kí o bá mi san án."

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, gbígbà tí a gba ènìyàn kì í ṣe òpin iṣẹ́, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni. Bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mélòó-mélòó ni iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rán ni, tí a fi ọwọ́ ara wa gbà?

ÌDÁNRAWÒ

1. Ìbéèrè wo ni a ń bi oníṣòwò tí ó ń lọ sí àjò, èwo ni a sì ń bi olùkọ́ tí ó yọ̀ǹda ara rẹ̀?
2. Kí ni ìdí tí Nàìjíríà fi bẹ̀rẹ̀ sí fi ènìyàn ránṣẹ́ dípò owó?
3. "Ó wo ilé láti òde, ó sì rò pé òun ti rí yàrá." Ṣe àlàyé gbólóhùn yìí.
4. Lo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí nínú gbólóhùn tìrẹ: ìyọ̀ǹda, ìgbọ́bùkátà, ẹ̀hónú, tọwọ́tẹsẹ̀.
5. Kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ tí olùkọ́ náà kọ sí ìyá rẹ̀ láti Gáḿbíà.