Orin Kíkọ àti Èémí Mímí

Gbogbo ènìyàn ni ó ń mí, ṣùgbọ́n èémí kò rí bákan náà. Àgbàlagbà tí ó jókòó jẹ́ẹ́ a máa mí tó ìgbà 12 sí 20 láàrin ìṣẹ́jú kan. Akọrin kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Yóò fa afẹ́fẹ́ sínú títí ikùn rẹ̀ yóò fi yọ, nítorí pé iṣan tí ó pààlà àyà àti ikùn ń sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò máa tú u jáde díẹ̀díẹ̀ títí ìlà orin yóò fi parí. Irú èémí bẹ́ẹ̀ a máa fi ọkàn balẹ̀, ó sì lè mú ẹ̀jẹ̀ ríru rọlẹ̀ díẹ̀.

Ajégúnlẹ̀ kò ṣe aláìní orin. Ibẹ̀ ni Daddy Showkey àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé orin gálálà jáde ní àwọn ọdún 1990. Ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ bá Àpápá pààlà, níbi tí èbúté wà, tí ọkọ̀ akẹ́rù àti ọkọ̀ agbépo sì ń tú èéfín. Ẹni tí ó bá mí kanlẹ̀ nínú èéfín, èéfín ni ó gbé mì. Nítorí náà, kí akọrin jìnnà sí òpópónà kí ó tó la ohùn.

Orin kì í sì í ṣe oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí ikọ́ fée. Ẹni tí àyà ń dùn, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ó kọ́kọ́ lọ.

Orúkọ Ajégúnlẹ̀ fi hàn pé ọrọ̀ ni a ń retí níbẹ̀. Àwọn àgbà sì ti wí pé ìlera ni oògùn ọrọ̀.