Ẹ Mọ Irú Ẹ̀jẹ̀ Yín Kí Ẹ Tó Gun Òkè Yìnyín

Ìwé tí ó tẹ̀ wá lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ tí ó kọjá kì í ṣe irú èyí tí a máa ń rí. Ìyá kan ní Ìbàdàn ni ó kọ ọ́. Ó ní ọmọ òun ọkùnrin, tí ó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fẹ́ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Swítsálándì ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, láti fi ẹsẹ̀ rìn ní ọjọ́ kan lórí òkè tí wọ́n ń pè ní Gornergrat, níbi tí ènìyàn ti lè dúró kí ó máa wo odò yìnyín nísàlẹ̀. Ohun méjì ni ó béèrè. Ṣé òtútù ibẹ̀ kò ní pa ọmọ òun? Àti pé ṣé òótọ́ ni ohun tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun, tí í ṣe nọ́ọ̀sì, sọ, pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ AS kò gbọdọ̀ gun òkè gíga?

Ìyá wa, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ìbéèrè kejì yẹn ni ó wúwo jù, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ irú ibi tí ọmọ ń lọ.

Zermatt ni orúkọ ìlú kékeré tí ó wà nísàlẹ̀ òkè náà. Ìlú yìí fúnra rẹ̀ ti fi bí mítà 1,600 ga ju ìtẹ́jú òkun lọ. Jos wa, tí a ń pariwo òtútù rẹ̀, kò ga tó bẹ́ẹ̀. Rélùwéè kan tí ó ti ń ṣiṣẹ́ láti 1898 ni ó ń gbé èrò kúrò ní Zermatt, yóò sì gbé wọn dé Gornergrat, tí ó ga ní mítà 3,089, láàárín ìṣẹ́jú 33. Bí ènìyàn bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, yóò rí òkè Matterhorn ní apá kan, Monte Rosa ní apá kejì, odò yìnyín Gorner yóò sì nà gbalaja nísàlẹ̀ wọn. Odò yìnyín kì í ṣe omi tí ó dì lójú kan. Òjò dídì ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni ó ń rọ̀ lé ara wọn títí ó fi di yìnyín líle, tí ó sì ń wọ́ lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ń yọ́ gidigidi lásìkò wa yìí. Láàárín 2022 àti 2023 nìkan, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá irú yìnyín bẹ́ẹ̀ ni ó yọ́ dànù ní Swítsálándì. Ojú ni kí ọmọ fi wò ó. Kí ó má ṣe fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ láìsí afinimọ̀nà, nítorí kòtò jíjìn ń bẹ nínú rẹ̀ tí òjò dídì ti bò lójú.

Ọ̀nà tí ó rọrùn jù fún àlejò ni kí ó wọ ọkọ̀ gòkè, kí ó sì fi ẹsẹ̀ rìn sọ̀kalẹ̀: láti Gornergrat sí Rotenboden, kí ó gba ẹ̀gbẹ́ adágún omi Riffelsee kọjá, kí ó sì dé Riffelberg tí ó ga ní mítà 2,582. Ọkọ̀ ń dúró ní Rotenboden àti ní Riffelberg, nítorí náà ẹni tí ó bá rẹ̀ kò ní láti pa ara rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, òjò dídì lè ṣì wà lójú ọ̀nà. Kí wọ́n béèrè ní ibùdókọ̀ Zermatt kí wọ́n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ìrọ̀rùn yìí gan-an ni ẹ̀tàn wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ gun òkè fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, ara rẹ̀ yóò ti máa mọ ibẹ̀ lára díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ọkọ̀ gbé gòkè kò ní àyè bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ orí òkè fẹ́lẹ́. Èémí kan tí a bá mí sínú ní Gornergrat, ọ́síjìn tí ó wà nínú rẹ̀ kò ju bí ìdá méje nínú mẹ́wàá èyí tí à ń mí ní Èkó lọ.

Ẹnì kan yóò sọ pé, “Ṣebí ọmọ náà wọ ọkọ̀ òfurufú láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù, tí ọkọ̀ náà sì fò ga ju òkè wọ̀nyí lọ, tí nǹkan kan kò sì ṣe é?” Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń fún mọ́ inú ọkọ̀ òfurufú. Bí ó ti wù kí ó fò ga tó, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kì í sábà fẹ́lẹ́ ju ti òkè tí ó ga ní mítà 2,400 lọ. Gornergrat ga ju èyí lọ dáadáa. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ òfurufú jókòó jẹ́ẹ́ ni. Ẹni tí ó wà lórí òkè ń rìn, ó ru báàgì sẹ́yìn, àyà rẹ̀ sì ń lù.

Wàyí o, kí ni ó kan ẹ̀jẹ̀ AS nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ẹni tí ó jẹ́ AS kì í ṣe aláìsàn. Nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin, a fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ẹnì kan tí ó jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń dàgbà, wọ́n ń darúgbó, láìmọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n S tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn kò fẹ́ àìtó ọ́síjìn. Bí ọ́síjìn bá dínkù púpọ̀, hóró ẹ̀jẹ̀ tí ó yẹ kí ó rí roboto lè tẹ̀ bí dòjé tí a fi ń gé koríko. Ẹ̀yà ara kan wà lábẹ́ egungun ìhà òsì tí a ń pè ní ọlọ inú. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ jù, ibẹ̀ sì ni àwọn hóró tí ó tẹ̀ wọ̀nyí lè há sí, kí wọ́n dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, kí apá kan ọlọ inú náà sì kú.

Èyí kò wọ́pọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni AS ti gun òkè tí ó ga ju Gornergrat lọ, wọ́n sì padà sílé láyọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà ti kọ̀wé nípa rẹ̀ léraléra, pàápàá láti àwọn òkè Colorado ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ṣẹlẹ̀ sí ni kò mọ̀ rárá pé AS ni àwọn títí ìrora fi gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Nítorí náà, ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín kò purọ́, ṣùgbọ́n “kò gbọdọ̀” tí ó sọ ni ó le jù. Ẹni AS lè lọ, bí ó bá mọ̀ pé AS ni òun, tí ó sì mọ ohun tí yóò máa ṣọ́.

Àwọn tí ó jẹ́ SS tàbí SC, àwọn tí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ń yọ lẹ́nu, tiwọn yàtọ̀ pátápátá. Afẹ́fẹ́ fífẹ́lẹ́, òtútù, àti òǹgbẹ, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó lè dá ìrora sí wọn lára. Kí wọ́n má ṣe gòkè yìí láìjẹ́ pé dókítà tí ó mọ̀ wọ́n ti fọwọ́ sí i, kódà kí wọ́n tó sùn ní Zermatt pàápàá.

Kí ni ọmọ yóò máa ṣọ́? Orí fífọ́, èébì tí ń gbé ni, oúnjẹ tí kò wu ni jẹ, àti àárẹ̀ tí ó kọjá ti ìrìn, àìsàn orí òkè ni ìwọ̀nyí, ó sì lè mú ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe AA. Kí ó má gòkè sí i. Bí kò bá sì tètè lọ, kí ó sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìrora bá gún un ní ìhà òsì lábẹ́ egungun, bóyá tí ó tún ń gún un dé èjìká òsì, kí ó má ṣe jókòó sinmi kí ó lè tẹ̀ síwájú. Kí ó wọ ọkọ̀ tí ó kọ́kọ́ ń lọ sísàlẹ̀, kí ó sì lọ rí dókítà ní ọjọ́ náà gan-an. Kí ó la ẹnu rẹ̀ sọ fún dókítà náà pé, “AS ni mí, orí òkè ni mo sì ti ń bọ̀.” Dókítà tí kò sábà rí irú wa lè rò pé inú rírun lásán ni.

Mo ní láti sọ ọ̀rọ̀ kan níhìn-ín, nítorí ó máa ń bí mi nínú. Bí a bá bi àwọn ọ̀dọ́ kan léèrè irú ẹ̀jẹ̀ wọn, wọn yóò ní, “O positive ni mí, sà.” Èyíinì kọ́ ni à ń béèrè. Èyíinì jẹ́ ti ẹni tí ó fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ tàbí tí ó fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Jínótáìpù ni à ń wí, AA, AS, AC, SS tàbí SC, èyí tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ń béèrè kí wọ́n tó so tọkọtaya pọ̀. Ọ̀pọ̀ ìdílé ti ṣe àyẹ̀wò náà, wọ́n sì ti kó ìwé rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àpótí, ọmọ tí ọ̀rọ̀ kàn kò sì rántí ohun tí wọ́n kọ sí i.

Ní ti òtútù tí ẹ kọ́kọ́ béèrè, kò ní pa á bí ó bá múra. Oòrùn lè máa ràn lórí òkè, kí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ṣì tutù tó ibi tí omi ti ń dì. Aṣọ òwú tí òógùn bá rin máa ń tutù mọ́ ni lára. Aṣọ onírun àgùntàn ni kí ó fi sísàlẹ̀, kí ẹ̀wù òjò wà nínú báàgì, àti fìlà àti ìbọ̀wọ́. Kí bàtà rẹ̀ ga bo ọrùn ẹsẹ̀, kí ó sì ti wọ̀ ọ́ rìn nígboro fún ọ̀sẹ̀ bíi méjì, kí ó má bàa fún un ní ìléròrò. Kí wọ́n wọ ọkọ̀ òwúrọ̀, nítorí àrá máa ń sán lórí òkè lọ́sàn-án nígbà ẹ̀rùn wọn. Omi ni kí ó máa mu kí òǹgbẹ tó gbẹ ẹ́. Ọtí ńkọ́? Kí ó fi í sílẹ̀ di ìgbà tí ó bá padà sísàlẹ̀, bí ó bá tilẹ̀ ń mu ún.

Ojú rẹ̀ ni ó ṣeé ṣe kí ó gbàgbé. Àwa aláwọ̀ dúdú máa ń rò pé oòrùn kò lè ṣe wá ní nǹkan kan. Awọ ara wa ní ààbò díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹyinjú wa kò ní in. Òjò dídì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ lè ta tó ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ìtànṣán oòrùn tí ń dá ojú lóró padà sókè. Ẹni tí kò bá wọ awò dúdú kò ní mọ̀ lọ́sàn-án. Ní alẹ́ ni ojú rẹ̀ yóò máa ta á bí ẹni pé iyanrìn wọ̀ ọ́, omi yóò sì máa dà lójú rẹ̀. Ó máa ń san láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, ṣùgbọ́n ìyà ọjọ́ náà kì í ṣe kékeré. Kí ó ra awò tí ó bo ẹ̀gbẹ́ ojú.

Ìyá wa, ẹ kò kọ jínótáìpù ọmọ yín sínú ìwé yín, ẹ kò sì sọ tiyín tàbí ti bàbá rẹ̀. Bí ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ bá wà nílé, ẹ wá a lónìí, kí ẹ sì fi ohun tí ó wà níbẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Bí kò bá sí, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣì kù kí oṣù kẹfà tó wọlé. Kí ó sọ fún dókítà rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé òun fẹ́ ṣe àyẹ̀wò náà. Kí ó sì kọ nọ́ńbà 144 sínú fóònù rẹ̀. Òun ni wọ́n ń pè fún ọkọ̀ aláìsàn ní Swítsálándì.