Ẹni Tí A Ní Kó Fẹ́ Wa Lójú

Àwọn àgbà tí wọ́n ní ẹni tí a ní kó kín wa lẹ́yìn fi ẹ̀gún sọ́wọ́, ẹni tí a ní kó fẹ́ wa lójú fi ata sẹ́nu, mọ̀ dájú pé a kì í kọ ẹ̀yìn sí ọ̀tá, bẹ́ẹ̀ ni a kì í la ojú fún un. Ẹni tí a gbẹ́kẹ̀ lé nìkan ni ó lè rí wa ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ rere ni iṣẹ́ àwọn tí ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu wo àrùn ọkàn, ṣùgbọ́n kò sí bí a ó ti gba ìwòsàn wọn láìtú àṣírí ikùn wa, ẹni tí àṣírí wa sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti di ìjánu wa mú.

Ní ọdún 1957, Saul Newton àti Jane Pearce aya rẹ̀ dá Sullivan Institute sílẹ̀ ní New York fún irú ìwòsàn bẹ́ẹ̀. Dókítà ni Pearce. Newton kò kọ́ṣẹ́ ìwòsàn, síbẹ̀ òun ni ó wá di kábíyèsí lórí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn, tí amòfin, dókítà àti ayàwòrán wà lára wọn. Wọ́n kọ́ aláìsàn pé òbí, ìyá pàápàá, ni ó gbin àrùn sí i lọ́kàn, nítorí náà kí ó kẹ̀yìn sí ilé, kí ó má ní olólùfẹ́ kan ṣoṣo, kí ó sì lọ máa bá àwọn aláìsàn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé. Ẹni tó sọ ilé nù, ó sọ àpò ìyà kọ́: nígbà tí ẹbí ti lọ, tí ọ̀rẹ́ àti ará ilé sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ kan náà, ta ni yóò sọ fún un pé ọ̀nà yìí kò dára? Àwọn oníwòsàn ń bá aláìsàn wọn lò pọ̀, Newton fúnra rẹ̀ kò sì gbẹ́yìn. Àwọn ni wọ́n ń sọ ẹni tí ó lè bímọ, àti bí ìyá yóò ti pẹ́ tó lọ́dọ̀ ọmọ tí ó bí. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí ni ó dùn mí jù. Lẹ́yìn tí àwọn òbí kan ti gbé ẹgbẹ́ náà dé kóòtù nítorí ọmọ wọn, tí Newton sì kú ní 1991, ni ó tó túká.

Ìwọ tí ọkàn rẹ ń dùn ọ́, wá ìwòsàn, má sì tijú; ṣùgbọ́n béèrè ìwé àṣẹ oníwòsàn kí o tó jókòó tì í, kí o sì jẹ́ kí ẹnìkan tí kò sí lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀ máa gbọ́ ohun tí a ń sọ fún ọ níbẹ̀. Òbí mìíràn burú lóòótọ́, ó sì yẹ kí ọmọ jìnnà sí i, ṣùgbọ́n ọmọ ni yóò pinnu ìyẹn, kì í ṣe ẹni tí ń gba owó rẹ̀. Bí oníwòsàn bá sì fẹ́ bá ọ lò pọ̀, má bá a jiyàn rárá: dìde, jáde, kí o sì fi ẹjọ́ rẹ̀ sun àwọn tí wọ́n fún un ní àṣẹ.